Àwùjẹ̀

Òpó irin kan dúró lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Àró,
ó ga ju ilé ìjọ lọ, ó ga ju igi àgbọn Bàbá Fálọwọ́,
iná pupa kan ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú.
Mo ti bá a gbé ọdún mẹ́ta kí n tó lóyún.
N kò bi í léèrè nǹkan kan. Òun náà kò bi mí.

Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún
ni Ìyá Bọ́látitó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ omi:
"Ṣé ẹ̀yin ò níí kó kúrò ni?
Wọ́n ní ohun tó ń jáde lára òpó yìí
kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Wọ́n ní ọpọlọ ọmọ inú dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì."

Ẹ̀kọ tí kò tíì dì!
Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó bá mi jókòó,
ó bá mi bẹ ẹ̀gẹ́ tán.
Mo gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni ń bo ìkòkò lójú òjò.

Ṣùgbọ́n ta ni n ó fi lọ̀?
Akínlùyì ọkọ mi ni ń ṣọ́ òpó.
Òun ní ń bu dísù sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀,
òun ní ń tún wáyà ẹlẹ́gùn-ún so bí ewúrẹ́ bá fà á ya.
Owó òpó la fi ra ibùsùn,
owó òpó la fi gba káàdì ọsibítù.
Ta ní ń jẹ iṣu tán tó ń bú ebè?

Mo bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
"Àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá a," ó ní, "wọn kò tíì rí ìdí rẹ̀.
Àwọn kan fi eku dán an wò, àwọn kan ka ọmọ lórí,
ohun tí ẹnì kan rí, ẹlòmíràn wá a tì.
Èyí tí mo mọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ tí kò tó. Jẹ ẹ̀fọ́. Sùn."
Mo fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi.

Mo bímọ lóṣù Ọ̀wàrà, òjò ń lu páànù.
Lókè orí rẹ̀, àwùjẹ̀ ń mí,
ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀,
bí ojú omi Alà nígbà tí ẹja bá kọjá nísàlẹ̀.
Ilẹ̀kùn tí Elédùmarè kò tíì tì nìyẹn.
Mo wò ó, mo wo iná pupa lójú fèrèsé;
nígbà míràn àwọn méjèèjì a máa ṣẹ́jú pọ̀,
n ó bá dìde, n ó fa kọ́tìnì,
bí ẹni pé aṣọ ń dá ohun tó ń la ògiri kọjá dúró.

Lóru ọjọ́ kẹfà mo sọ ọ́ fún Akínlùyì.
Kò bínú. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún dísù.
Ó ní, "Mo ti ń rò ó kí o tó rò ó.
Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wẹ̀ kí n tó gbé e."
Bí ẹni pé omi ń ṣan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rìn jìnnà.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Ìyá Àgbà kò lè wá láti Ìdànrè;
orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn ilé, ká má tíì sọ ti ọkọ̀.
Fóònù dún. Mo gbé e jìnnà sí ìrọ̀rí,
mo fi sójú fèrèsé, mo yí ohùn rẹ̀ sókè,
ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ọmọ, mo fẹsẹ̀ ara mi wọ̀n ọ́n.
Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:
orúkọ baba ńlá tí n kò gbọ́ rí,
oko kòkó, àpáta, àwọn tó sùn sábẹ́ àpáta,
ohùn tó gun òpó wa kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá.
Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́.
Ó yíjú sí fèrèsé.
Àwùjẹ̀ rẹ̀ ń lù, ó ń lù.

N kò mọ gbogbo ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé.
Mo dúró láàárín ọmọ àti fóònù
bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru,
tí kò mọ̀ bóyá àlejò ni tàbí olè,
mo ká àtẹ́lẹwọ́ bí igbá, mo fi dé e lórí,
mo sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi etí.